Níbo Ni Ọkọ̀ Òfurufú àti Òṣùpá Ti Ń Pàdé?

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín fún ariwo tí yóò máa gba orí òrùlé wa kọjá láti ìgbà dé ìgbà: Ìkẹjà ni a wà, ọkọ̀ òfurufú tí ó bá sì ń balẹ̀ kò ní dúró dè mí kí n parí gbólóhùn mi.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti rí irú àwòrán tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí, yálà nínú ìwé ìròyìn tàbí lójú fóònù: òṣùpá àrànmọ́jú yọ ní kíkún, ọkọ̀ òfurufú kan sì nà gbalaja sí àárín rẹ̀, ó dúdú mìnìjọ̀, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì hàn ketekete bí ẹni pé òṣùpá ni ó fẹ́ balẹ̀ sí. Bí àwọn ènìyàn bá rí i, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bèèrè. Àwọn kan á ní, ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ni? Àwọn mìíràn á ní, orí ló ta ẹni tí ó yà á, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Èmi kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kankan nínú méjèèjì, nítorí mo gbà pé ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú wọn, tí ó jẹ́ pé bí a bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, àwọn méjì yòókù yóò dáhùn ara wọn. Ìbéèrè náà nìyí: níbo ni ọkọ̀ òfurufú àti òṣùpá ti pàdé?

Ìdáhùn mi, tí n ó sì máa padà sí títí n ó fi sọ̀kalẹ̀, ni pé wọn kò pàdé lójú ọ̀run rárá. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, lórí ọ̀já ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìbú rẹ̀ lè má ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, ẹni tí ó bá sì dúró sórí ọ̀já ilẹ̀ náà ní àsìkò rẹ̀ nìkan ni ó ń rí ìpàdé náà. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ yìí, kí ó tó di iṣẹ́ ojú.

Ìpele kìíní: ohun tí à ń pè ní níwájú

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ọkọ̀ òfurufú tí ń kó èrò láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó bá gòkè tán, kì í sábà ga ju kìlómítà 10 sí 12 lọ. Òṣùpá ní tirẹ̀ jìnnà sí wa tó kìlómítà 384,400, bí a bá ṣírò ìgbà tí ó súnmọ́ wa mọ́ ìgbà tí ó jìnnà tí a sì mú ìwọ̀n àárín méjèèjì. Ẹni tí ó bá ga tó kìlómítà 12, ìrìn-àjò òṣùpá kò tíì bẹ̀rẹ̀ fún un. Awakọ̀ òfurufú tí àwòrán rẹ̀ wà láàárín òṣùpá lọ́wọ́ wa yìí kò mọ nǹkan kan sí i. Bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ sí òṣùpá, bóyá oúnjẹ ni ó ń jẹ.

Nítorí náà, bí a bá ní ohun kan wà níwájú òmíràn, ọ̀rọ̀ ohun méjì kọ́ ni à ń sọ, ọ̀rọ̀ ohun mẹ́ta ni: ojú tí ń wò, ohun tí ó súnmọ́ ojú náà, àti ohun tí ó jìnnà sí i, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sórí ìlà kan ṣoṣo tí kò wọ́. Bí ẹ bá yọ ojú kúrò, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn mọ́. Ohun méjì tí kò mọ ara wọn rí ni ó kù. Bí ẹ bá sì gbé ojú náà kúrò ní ibi kan lọ sí ibòmíràn, ìlà tuntun ni ẹ fà, òṣùpá yóò sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀. Ní àsìkò kan náà tí ẹni kan ní Sàngó Ọ̀tà ń pariwo pé bàálù ti wọ inú òṣùpá, ẹni tí ó wà lábẹ́ bàálù náà gan-an, ikùn rẹ̀ àti táyà rẹ̀ ni ó ń wò, òṣùpá sì wà níbi tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn, kò sí ohun tí ó bò ó.

Àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ti fi ọ̀rọ̀ yìí jẹun tipẹ́. George Lowery, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Louisiana State University ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde ní 1951 lórí àwọn ẹyẹ tí ń ṣí kiri lóru. Kò sí ẹni tí ó lè ka ẹyẹ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ kọ awò-awọ̀nàjíjìn sí òṣùpá, wọ́n sì ń ka gbogbo ẹyẹ tí òjìji rẹ̀ bá gba ojú òṣùpá kọjá. Kí wọ́n tó lè fi ìwọ̀nba tí wọ́n rí yìí ṣírò iye tí ó gba orí ìlú kọjá, ó di dandan kí wọ́n mọ ibi tí awò wà lórí ilẹ̀ àti bí òṣùpá ti ga tó ní wákàtí náà. Ẹ kíyè sí i pé ibùdúró ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn.

Ìpele kejì: ìlọ́po 110

Mo ti mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ìṣirò nínú gbọ̀ngàn, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Ẹ fara balẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Òṣùpá fẹ̀ tó kìlómítà 3,474 láti etí kan dé èkejì. Bí a bá fi èyí pín kìlómítà 384,400, ohun tí ó jáde ni pé òṣùpá jìnnà sí wa ní nǹkan bí ìlọ́po 110 ìbú ara rẹ̀. Ohun gbogbo tí ó bá jìnnà sí ojú wa ní ìlọ́po 110 gígùn rẹ̀ yóò dọ́gba pẹ̀lú òṣùpá lójú wa, ì báà ṣe kóbọ̀, ì báà ṣe ilé. Ẹ jẹ́ kí a wá gbé bàálù lé orí ìwọ̀n yìí. Boeing 737-800 tí a mọ̀ bí ẹni mowó ní pápákọ̀ òfurufú wa gùn ní mítà 39.5, bí ó bá jìnnà sí yín ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin lé díẹ̀, imú rẹ̀ yóò kan etí òṣùpá kan, ìrù rẹ̀ yóò kan èkejì. Boeing 747-400, àgbà ọkọ̀ tí ó gùn tó mítà 70.6, kò lè wọ inú òṣùpá tán àyàfi tí ó bá jìnnà tó kìlómítà mẹ́jọ, ó dín díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan rẹ̀ nìkan ni òṣùpá yóò gbà. Bí ó bá jìnnà ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ìdajì òṣùpá ni yóò kún. Ìdí nìyí tí kò fi sí èrè fún ẹni tí ó bá lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá: bàálù tóbi níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣùpá kò gbà á.

Nọ́ńbà yìí kan náà ni ó ń sọ fún wa bí ọ̀já ilẹ̀ tí mo ń wí ti fẹ̀ tó. Bí òṣùpá bá wà lókè tente, tí ọkọ̀ kan sì ń gba kìlómítà 11 kọjá lókè orí wa, ẹ fi 110 pín kìlómítà 11, ọgọ́rùn-ún mítà ni ẹ ó rí. Láàárín ọgọ́rùn-ún mítà yẹn, ẹ ó rí bàálù nínú òṣùpá. Bí ẹ bá ti rìn kọjá rẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ẹ ó rí òṣùpá lọ́tọ̀, ẹ ó rí bàálù lọ́tọ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ Ibùdó Òfurufú Àgbáyé, ilé tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú ń gbé lókè lọ́hùn-ún, rọ́wọ́ họrí jù wá lọ, nítorí pé ibùdó náà ga tó nǹkan bí kìlómítà 400. Ẹ fi 110 pín in, ọ̀já ilẹ̀ wọn fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan wà tí ń jẹ́ Thierry Legault, ògbóǹtarìgì nídìí iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, láti ìgbèríko Normandy, ó ya ibùdó náà àti Atlantis, ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò òfurufú, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò lára rẹ̀, bí àwọn méjèèjì ti jọ ń gba ojú oòrùn kọjá. Oòrùn ni ó lò, kì í ṣe òṣùpá. Ṣùgbọ́n oòrùn àti òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà lójú ẹni tí ó wà láyé, òfin wọn kò sì yàtọ̀. Legault a máa wa mọ́tò lọ sí ibi tí ìṣirò bá rán an. Ẹni tí ń ṣọ́ ibùdó ń wá abúlé tí yóò dúró sí. Ẹni tí ń ṣọ́ bàálù ń wá igun ojúlé.

Ìpele kẹta: ọ̀já ilẹ̀ kì í dúró sójú kan

Bí ọ̀já ilẹ̀ náà bá dúró sójú kan ni, ẹnikẹ́ni ì bá lọ fi àmì sí i, kí ó sì máa gbowó ìwọlé. Ṣùgbọ́n ayé ń yí, òṣùpá sì ń rìn lójú wa láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nǹkan bí dígírì mẹ́rìnlá àti ààbọ̀ ní wákàtí kan. Ìdajì dígírì kan ni ìbú òṣùpá lójú wa, èyí tí ó túmọ̀ sí pé láàárín ìṣẹ́jú méjì, òṣùpá ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí òṣùpá bá sì ṣí, ọ̀já ilẹ̀ náà ṣí. Ibi tí ó dára fún bàálù tí ó balẹ̀ ní agogo méje alẹ́ kò wúlò mọ́ fún èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kódà bí bàálù méjèèjì bá gba ojú ọ̀nà kan náà láìyẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, òṣùpá yóò pẹ́ ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú kí ó tó yọ, kò sì ní yọ níbi tí ó ti yọ lánàá gan-an.

Èyí ni ibi tí ilẹ̀ wa ti ní àǹfààní tí Lọ́ńdọ̀nù kò ní, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ìwé tí wọ́n kọ sí ìlú òyìnbó ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń kọ́ iṣẹ́, ìwé náà a sì máa ṣì wọ́n lọ́nà. Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Dígírì mẹ́fà àti ààbọ̀ péré ni. Òṣùpá tí ó bá yọ ní ìlà-oòrùn wa, òkè ni ó ń lọ tààrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó ga tó dígírì mẹ́rin lókè ilẹ̀ yóò dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, òṣùpá yóò sì ti yà sí ọ̀tún ní nǹkan bí ìbú ara rẹ̀ kan ṣoṣo. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ńṣe ni òṣùpá ń fì sí ẹ̀gbẹ́ bí ó ti ń gòkè: kí ó tó ga tó dígírì mẹ́rin yẹn, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, yóò sì ti yà sí ọ̀tún ní ìlọ́po mẹ́wàá ìbú ara rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí ń gbé lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Heathrow mọ ohun tí mo ń wí. Ibi tí wọ́n rò pé òṣùpá yóò gbà kọ́ ni wọ́n ti ń bá a. Ìdí yìí náà ni òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé fi máa ń dùbúlẹ̀ bí abọ́ níhìn-ín, tí tiwọn sì máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn baba wa ní òṣùpá lé, wọ́n ní kò gún. Kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o tún un ṣe. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó o, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yóò rí i tí ó gún díẹ̀ sí i: ẹsẹ̀ ni ó tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà ìbalẹ̀ tí ó wà lókè orí wa yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ojú ọ̀nà méjèèjì tí ó wà ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ni a tẹ́ láti àríwá sí gúúsù. Ọkọ̀ òfurufú a máa kọjú sí afẹ́fẹ́ kí ó tó balẹ̀, afẹ́fẹ́ tiwa sì sábà máa ń ti orí òkun fẹ́ wá, nítorí náà láti àríwá ni wọ́n máa ń gbà wọlé ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Wọn a máa sọ̀ kalẹ̀ ní igun dígírì mẹ́ta: fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá kù, ọkọ̀ wà ní nǹkan bí mítà 52 sókè, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó bá ku kìlómítà 11, yóò wà ní nǹkan bí mítà 570. Ẹni tí ó bá gun òrùlé kan ní agbègbè Sàngó Ọ̀tà, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́jọ sí ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà ìbalẹ̀ yìí, tí ó sì kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò rí ọkọ̀ náà ní nǹkan bí dígírì mẹ́rin sókè. Dígírì mẹ́rin tí mo ní òṣùpá ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún gùn nìyẹn. Níbẹ̀, 737 yóò gba díẹ̀ ju ìdajì òṣùpá lọ. Bí ó sì ti jẹ́ pé mítà 72 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ni ó ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà ìbalẹ̀, imú rẹ̀ yóò la òṣùpá já láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú-àáyá kan pọ̀! Èyí tí ń fò ní kìlómítà 11 lókè orí kò ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ.

Àwòrán tí mo gbé kọ́ ògiri lẹ́yìn mi yìí, irú ibẹ̀ ni a ti yà á. Ẹ wò ó dáadáa. Ọkọ̀ náà ń ti òsì bọ̀ sí ọ̀tún, ìyẹn láti àríwá sí gúúsù. Ó ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì rí etí ìyẹ́ rẹ̀ tí ó ká sókè ṣóńṣó. Ihò ńlá tí imú rẹ̀ fẹ́ kàn lọ́hùn-ún, tí ìlà funfun ń tàn kiri lára rẹ̀, Tycho ni wọ́n ń pè é. Gúúsù òṣùpá ni ó wà, ṣùgbọ́n nítorí pé òṣùpá ń dùbúlẹ̀ nígbà tí ó bá ń yọ lọ́dọ̀ wa, apá ọ̀tún ni ẹ ti ń rí i. Ẹ wá wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Etí òṣùpá kò dán mọ́ níbẹ̀, ó rú wúruwùru. Ooru tí ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni ó ń mi ìmọ́lẹ̀.

Ìpele kẹrin: àwọn tí ó ní orí ló ń ṣe é

Mo gbọ́ ọ bí àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí, oríire náà ló kù. N kò ní fọwọ́ rọ́ orí sẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá wo ni ó tó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdẹ lórí ègùn. Kò sáré tẹ̀lé ẹran kiri inú igbó. Ó ti wo ẹsẹ̀ ẹran lójú ọ̀nà omi, ó ti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó ti mọ alẹ́ tí èso kan ń já, nígbà náà ni ó di ègùn rẹ̀ sórí igi kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹ̀rún igi. Bí ẹtu bá wá já sábẹ́ igi náà, ẹ lè ní orí ló bá a ṣe é, òun náà yóò sì ṣe àmín. Ta ni ó yan igi?

Ẹsẹ̀ ẹran tiwa wà lójú ọ̀run, rédíò ni ó ń gbé e jáde. Ọkọ̀ òfurufú tí ń kó èrò lóde òní a máa kéde ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà méjì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: nọ́ńbà rẹ̀, ibi tí ó wà, bí ó ti ga tó, bí ó ti ń sáré tó. Gbogbo ènìyàn tí ó bá ní ẹ̀rọ kékeré tí ń gba ìkéde náà lè gbọ́ ọ, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Flightradar24 sì ń kó o jọ láti ibi gbogbo láyé fún ẹni tí ó bá ní fóònù. Ní ti òṣùpá, ó ti ju ọ̀rúndún mélòó kan lọ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ń ṣírò ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó rìn ín. Ẹni tí ó bá mú ìkéde ọkọ̀ àti ìṣirò òṣùpá pọ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí kò tíì mọ̀, ohun náà sì ni ibi tí òun yóò dúró sí. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Lóòótọ́, aláṣẹ ìrìnnà òfurufú lè ní kí awakọ̀ yí díẹ̀ sí ọ̀tún, ọkọ̀ náà á sì gba ẹ̀gbẹ́ òṣùpá lọ, ẹni tí ó wà lórí òrùlé á sì dà bí ẹni tí ẹran já mọ́ lọ́wọ́. Kò dín ìmọ̀ rẹ̀ kù. Ọdẹ tí kò pa ẹran lálẹ́ yìí kì í lọ tú ègùn rẹ̀ ká.

Ìpele karùn-ún: ojú, àti ẹ̀rí àwòrán

Mo ti fi ojú sẹ́yìn pẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ tirẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà bèèrè kò pọ̀. Òṣùpá kì í ṣe fìtílà. Òkúta tí oòrùn ń ràn sí ni, nítorí náà bí a ti ń ya ohun tí ó wà nínú oòrùn ọ̀sán ni kí a ya òun náà, a kì í yà á bí ohun òru. Kí ojú kámẹ́rà ṣí kí ó sì pa dé láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bàálù tí ń sá mítà 250 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò ti rìn ìdá mẹ́rin mítà péré, kò sì ní fà wọ̀ọ̀. Kí a gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kò mì. Ní ti lẹ́ńsì, 110 náà tún dé: ẹ fi 110 pín gígùn lẹ́ńsì, ẹ ó mọ bí òṣùpá yóò ti fẹ̀ tó nínú kámẹ́rà. Lẹ́ńsì ẹlẹ́gbẹ̀rún mìlímítà yóò fún yín ní òṣùpá tí ó fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́sàn-án. Ti fóònù, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Lẹ́ńsì gígùn wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kí ẹ sì wo ojú ọjọ́: ọyẹ́ a máa da eruku bo ìsàlẹ̀ ọ̀run láti nǹkan bí oṣù Kejìlá, òṣùpá á pọ́n, á ṣú; òjò ní tirẹ̀ kì í gba ìmọ̀ràn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní irọ́ ni ó kù. Irọ́ pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti jẹ́ pé ibùdúró ni ó bí àwòrán tòótọ́, àwòrán tòótọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí a ti yà á, èyí tí a lẹ̀ mọ́ra kò sì ní lè sọ ọ́. Ẹ gbé àríyànjiyàn tì, kí ẹ mú ìwọ̀n. Bí 737 kan bá gba ìdá kan nínú ogún òṣùpá, ẹ ṣe ìṣirò: mítà 39.5 lọ́nà ogún, lọ́nà 110. Ọkọ̀ náà jìnnà tó kìlómítà 87. Ọkọ̀ tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ ga dé kìlómítà 11, ìsàlẹ̀ ọ̀run ni yóò wà, kò ní ga ju dígírì méje lọ, òṣùpá tí ó wà níbẹ̀ yóò sì pọ́n, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ yóò ti mi etí rẹ̀. Bí ẹ bá wá rí irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ nínú òṣùpá tí ó funfun nini, tí gbogbo ihò ara rẹ̀ ṣe kedere, tí ẹni tí ó yà á sì ní òkè orí òun gan-an ni ó wà, ẹ ti mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ kankan láyé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wà. Èmi a máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé àwòrán wá bá mi: níbo lo dúró sí, agogo mélòó sì ni? Ẹni tí ó yà á ní tòótọ́ a máa dáhùn kí n tó pa ẹnu dé, a sì máa fi ìròyìn àtẹ̀gùn tí ó gùn àti ajá tí ó gbó o lé e.

Kí n tó jókòó, ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ara yín ti ń wá ibi tí ẹ ó lọ lálẹ́ òṣùpá tí ń bọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í fojú ire wo ẹni tí ó gbé ohun dúdú gígùn kọ ojú bàálù lẹ́bàá ọgbà pápákọ̀ òfurufú, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Iṣẹ́ wọn ni. Bí ẹ bá ti gbọ́ ohun tí mo sọ lórí 110, ẹ ó ti rí i pé ẹ kò ní ohunkóhun í ṣe níbẹ̀. Kìlómítà mẹ́rin ni ó kéré jù. Mẹ́jọ ni ó dára jù. Ilé onílé ni yóò sì jẹ́, òrùlé páànù tàbí dẹ́kì tí a kò tíì parí. Ẹ lọ ní ọ̀sán, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tàbí ìyá tí ó ni ín, kí ẹ fi àwòrán tí ẹ fẹ́ yà hàn wọ́n, kí ẹ sọ agogo tí ẹ ó gùn ún àti agogo tí ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì ṣèlérí ẹ̀dà kan fún ògiri pálọ̀ wọn. Ẹ mú un ṣẹ.

Mo ti rí ọwọ́ mẹ́ta tí ó nà sókè lápá ẹ̀yìn, mo sì ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè wọn.